Ogún Ìṣẹ́jú Àáyá Tó Ṣáájú Fíìmù

Nínú fíìmù Star Wars tó jáde ní 1977, kí ojú wa tó kan ìràwọ̀ kankan, ilé gogoro Twentieth Century-Fox ló kọ́kọ́ yọ. Iná ńláńlá ń fì sọ́tùn-ún sósì lójú òfuurufú, ìlù ń dún kíkankíkan, fèrè idẹ sì gba orin náà mọ́ ọn lọ́wọ́. Nígbà tí orin dé ìdajì kejì, ilé gogoro ti lọ. Orúkọ Lucasfilm ló wà lójú àwòrán. Lẹ́yìn náà, gbogbo rẹ̀ pa rọ́rọ́. Gbólóhùn aláwọ̀ búlúù kan sọ fún wa pé ìtàn náà ti pẹ́, ó sì jìnnà. Kí ojú tó ṣẹ́, agbo olórin John Williams, ẹni tó kọ orin fíìmù náà, bú jáde. Ẹni tó létí orin yóò gbọ́ pé orí B-flat major ni Williams dúró sí, níbi gan-an tí Alfred Newman dúró sí nígbà tó kọ orin ilé gogoro náà ní 1933. Ohùn àkọ́kọ́ bèèrè, ìdákẹ́jẹ́ mú wa dúró, ohùn kejì dáhùn.

Àwọn kan á ní àmì ilé-iṣẹ́ lásán nìyẹn, pé fíìmù kò tíì bẹ̀rẹ̀. Èmi ò gbà. Nínú eré eégún alárè, ìjúbà ló ń ṣíwájú, ẹni tó bá sì gé e kúrò kò tíì mú eré náà wá pé: ibẹ̀ ni òṣèré ti ń sọ ẹni tó bí i, ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́, àti ẹni tó yọ̀ǹda ojú agbo fún un. Iṣẹ́ tí àmì yìí ń ṣe níwájú fíìmù Hollywood nìyẹn. Ó ń sọ ilé tí fíìmù ti wá àti ìgbà tí wọ́n ṣe é, ó sì ń fa òǹwòran kúrò nínú ariwo ìta wọ inú ìtàn. Ẹni tó bá pààrọ̀ rẹ̀ nígbà tó ń gbé fíìmù jáde fún wíwò nílé ti tún iṣẹ́ oníṣẹ́ ṣe, yálà ó mọ̀ tàbí kò mọ̀.

Ọjà fídíò ló bí àṣà náà. Ní 1977 yẹn kan náà, ilé-iṣẹ́ Magnetic Video ní ìpínlẹ̀ Michigan gba àṣẹ láti ta 50 fíìmù Fox lórí kásẹ́ẹ̀tì, àmì ẹni tó ń ta kásẹ́ẹ̀tì sì di ohun tí à ń rí ṣáájú ti ẹni tó ṣe fíìmù. Ìyẹn kò ba nǹkan kan jẹ́, àfikún ni. Ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ti àtijọ́ kí tuntun lè ráyè ni ọ̀rọ̀ dójú ẹ̀. Saul Bass ya àmì kan fún Warner Bros. ní 1972, W kan tí ó fi ìlà róbótó mẹ́ta gbé kalẹ̀. Wọ́n lò ó títí di 1984 kí àmì asà wọn àtijọ́ tó padà. Lórí àwọn kásẹ́ẹ̀tì àti díìsìkì kan tó jáde lẹ́yìn náà, asà ni wọ́n fi bo W níwájú àwọn fíìmù tí W yẹn gan-an bá wáyé. Ojú máa ń rí ibi tí wọ́n ti gé e: àmì tuntun á mọ́ gaara, àwòrán tó tẹ̀ lé e á sì ní hóró àti ìlà fínfín tí fọ́nrán fíìmù ń ní, ohùn á sì ṣẹ́ lójijì.

Ṣùgbọ́n orí Star Wars ni ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mí jù. Disney ra Lucasfilm ní 2012. Nígbà tí wọ́n gbé fíìmù Star Wars mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jáde fún títà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní oṣù kẹrin 2015, márùn-ún ti pàdánù ilé gogoro náà. Àmì Lucasfilm àti orin kúkúrú mìíràn ló wà níbẹ̀. Ti 1977 nìkan ló mú tirẹ̀ dání, torí pé Fox ló ṣì ni ẹ̀tọ́ àtipín in. Lójú òfin, kò sẹ́ni tó jẹ̀bi. Lójú iṣẹ́ ọnà, ẹ jẹ́ ká wo The Empire Strikes Back ti 1980: Williams fúnra rẹ̀ ló darí agbo olórin tó tún orin Newman gbà sílẹ̀ fún fíìmù yẹn. Ohun tí wọ́n gé sọnù kì í ṣe ìpolówó Fox. Ara iṣẹ́ Williams lórí fíìmù náà ni. Nígbà tí Disney ra Fox fúnra rẹ̀ ní 2019, orin náà padà dé lórí Disney+ ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn. Ìwé ẹ̀tọ́ ló mú un lọ, ìwé ẹ̀tọ́ ló mú un bọ̀. Ẹni tó pàdé fíìmù náà fún ìgbà àkọ́kọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì láàárín ọdún mẹ́rin àti ààbọ̀ yẹn gbọ́ ìdáhùn láìgbọ́ ìbéèrè.

Mi ò wá sọ pé kí gbogbo fíìmù máa gbé àmì ọdún tó jáde. Ọ̀nà yẹn náà lè ṣini lọ́nà. The Sting, tí George Roy Hill darí, jáde ní 1973, àmọ́ àmì Universal tí ọdún 1930 sí 1940 mọ̀ ló fi ṣílé: ayé oníjígí dúdú-òun-funfun tí ìràwọ̀ yí ká. Ìtàn náà wáyé ní 1936, àmì yìí sì ni ohun àkọ́kọ́ tó sọ bẹ́ẹ̀ fún wa. Bí ẹnì kan tó ń tún díìsìkì ṣe bá ní òun fẹ́ fi àmì 1973 tó bá ọdún mu síbẹ̀, ọdún á bára mu lóòótọ́, fíìmù á sì bàjẹ́. Orin Fox tí a gbọ́ ní 1977 pàápàá, ti àtijọ́ ni. Fox kò fi bẹ́ẹ̀ lò ó mọ́ nígbà náà, George Lucas, tó darí Star Wars, ló fẹ́ kó padà. Ìbéèrè tó yẹ ká bi olùtúnṣe ni pé: kí ni ẹni tó ṣe fíìmù yìí yàn láti fi ṣíde?

Steven Spielberg ti dáàbò bo tirẹ̀ nínú Raiders of the Lost Ark ní 1981. Òkè Paramount rọra yí padà di òkè gidi inú igbó, a sì ti wà nínú ìtàn kí a tó mọ̀. Kò sí ẹni tó lè yọ òkè yẹn láìfa ìtàn ya. Kì í ṣe gbogbo fíìmù ló ní irú ìránpọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi wà lọ́wọ́ àánú ẹni tó ni ẹ̀tọ́.

Ẹni tó ra ilé-iṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé òun ni olówó rẹ̀ báyìí. Kó fi àmì tirẹ̀ ṣáájú, kí òkùnkùn díẹ̀ dá wọn sí méjì, kó sì fi ti àtijọ́ sílẹ̀. Kò ná an ní nǹkan kan. Warner pàápàá mọ ohun tí àmì àtijọ́ lè ṣe. Nígbà tí Ben Affleck ṣe Argo ní 2012, lórí àwọn ará Amẹ́ríkà tí wọ́n há sí Iran ní 1979 sí 1980, W Saul Bass ni wọ́n gbé síwájú rẹ̀, kí òǹwòran lè mọ ọdún tí òun bọ́ sí kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ tó ṣe níwájú Argo yẹn ló ti ń ṣe níwájú àwọn fíìmù ọdún 1970, kí wọ́n tó fi asà bò ó.