Òǹkàwé tí Àkàrà-oògùn Sọ di Akọ̀wé

Bí àwa lámèyítọ́ bá ń sọ̀rọ̀ lórí ipa tí Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ní lórí àwọn tí ó kà á, ọ̀rọ̀ iwin àti ẹbọra ni a kọ́kọ́ máa ń mú ẹnu bà. Láti 1938 tí ìwé náà ti jáde ni ọ̀pọ̀ ti ń wo ojú mẹ́rìndínlógún Àgbákò, tí wọn kò sì wo ibi tí ìtàn ti bẹ̀rẹ̀. Ní èrò tèmi, níbẹ̀ gan-an ni agbára ìwé náà wà.

Ọdẹ kọ́ ni ó kọ ìtàn ara rẹ̀ sílẹ̀. Ó tọ ẹnì kan wá, ó ní kí ó mú ohun ìkọ̀wé, kí ó máa kọ ohun tí òun yóò sọ. Bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́ ni èrò ń pọ̀ sí i tí wọ́n ń wá gbọ́. Fágúnwà tipa bẹ́ẹ̀ fi àyè méjì sílẹ̀ fún wa: a lè jókòó láàárín èrò, a sì lè jókòó sí ìdí kálámù. Òǹkàwé tí ó bá yan àyè kejì ni ìwé náà máa ń yí padà.

Amos Tutùọlá yàn án. Nínú The Palm-Wine Drinkard, tí ó jáde ní 1952, ìrìn-àjò inú igbó ṣì wà, ṣùgbọ́n ọ̀mùtí ni akọni rẹ̀. Adẹ́mu rẹ̀ tí ó kú ni ó ń wá kiri, ọba kankan kò rán an níṣẹ́. Wálé Ògúnyẹmí ní tirẹ̀ sọ ìrìn-àjò sí Òkè Langbodo di eré orí ìtàgé, èyí tí Nàìjíríà gbé kalẹ̀ ní FESTAC ní 1977. Àwọn mìíràn wà (n kò ní dárúkọ) tí ẹbọra nìkan ni wọ́n yá lò. Ìwé wọn kì í pẹ́ sú ni.

Ohun tí ó ń kọ mí lóminú ni bí a ti ń lo ìwé yìí ní kíláàsì. Ìdánwò ń béèrè àfiwé tààrà, àwítúnwí àti àsọdùn. Akẹ́kọ̀ọ́ á tò wọ́n sílẹ̀, a ó fún un ní máàkì. Mo ti gbìyànjú ọ̀nà mìíràn: mo ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan bá àgbàlagbà kan jókòó, kí ó kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀ bí ó ti sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Àwọn tí àròkọ ojú ìwé kan ń ni lára mú mẹ́fà, méje wá. Nígbà tí mo fẹ́ tún gbólóhùn kan ṣe fún ọ̀kan nínú wọn, ó kọ̀ jálẹ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ kọ́ ni bàbá àgbà wí.