Peugeot 504 Bàbá Mi àti Mercedes Tó Ń Ṣí Òrùlé

Bí ẹ bá ní kí àwọn ọmọ kíláàsì wa yan ọ̀kan nínú Peugeot 504 àti Mercedes E-Class tó ń ṣí òrùlé, wọn kò ní í dúró gbọ́ ìbéèrè náà tán. Èmi ti wọ méjèèjì. Bàbá mi ló ni Peugeot, ọ̀rẹ́ wọn kan ní Ìbàdàn ló ni Mercedes. Ìdájọ́ tèmi kò yá tó bẹ́ẹ̀.

Ọdún 1968 ni 504 kọ́kọ́ jáde ní ilẹ̀ Faransé. Láti 1975 ni wọ́n ti ń tò ó pọ̀ ní Kàdúná, ìyẹn ló jẹ́ kó kún ojú ọ̀nà wa nígbà èwe àwọn òbí wa. Lọ́dún 1975 yẹn kan náà ló gba ipò kìíní nínú ìdíje Safari ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, lórí eruku àti ẹrẹ̀. Ẹni tó bá ti fi gba ọ̀nà oko rí kò ní í jiyàn. Kòtò tí ọkọ̀ mìíràn fi ń ha ilẹ̀, ṣe ni tiwa ń mì rọ́ra kọjá lórí rẹ̀, pẹ̀lú àpò gàrí méjì nínú búùtù.

Aṣọ ni òrùlé Mercedes náà, irú èyí tó jáde ní 2017. Ogún ìṣẹ́jú-àáyá ló fi ń ṣí, kódà bí ọkọ̀ bá ń lọ, bí eré rẹ̀ kò bá ti ju 50 kìlómítà ní wákàtí kan lọ. N kò ní í purọ́, ẹnu mi là sílẹ̀ lọ́jọ́ tí mo rí i. Àmọ́ ibo ni òrùlé yẹn ń wọ̀? Inú búùtù ni. Ẹni tó bá fẹ́ afẹ́fẹ́ á dín ẹrù kù. Èèyàn mẹ́rin péré ló sì ń gbà. Márùn-ún ni wá nílé; ta ni ká fi sílẹ̀? Wọ́n tún ṣe ẹ̀rọ kan sí i tó ń fẹ́ ooru sí ẹni tó jókòó níwájú lọ́rùn. Ìyẹn dára fún òtútù Jámánì. Ní Ìbàdàn, nínú oṣù kẹta, ìyà ni. (Peugeot náà ṣe 504 tó ń ṣí òrùlé láyé ọjọ́un, n kò kàn rí ọ̀kan rí ni.)

Ibi tí Peugeot ti pàdánù pátápátá ni ààbò. Bí Mercedes bá fẹ́ dojú dé, irin méjì á yọ lẹ́yìn ìjókòó ẹ̀yìn kí orí èrò má baà fọ́. Tiwa kò tilẹ̀ ní bẹ́líìtì lẹ́yìn. Àwọn tó ń yin 504 kì í sọ èyí; wọ́n á ní irin rẹ̀ nípọn. Irin tó nípọn kò ní kí èèyàn má forí sọ gíláàsì.

Bàbá mi ń rò ó láti tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù, ìyá mi sì fara mọ́ ọn. Èmi kò fara mọ́ ọn. Mẹkáníìkì àdúgbò wa ṣì ń tún un ṣe, owó irin náà kò sì lè ra ọkọ̀ tó máa gbé wa dé oko. Ṣùgbọ́n bí wọn kò bá tà á, bẹ́líìtì ẹ̀yìn ni kí a kọ́kọ́ fi sí i kí a tó máa sọ̀rọ̀ ọ̀dà tuntun.