Ewì tí Ilé-Ẹ̀kọ́ Mú, Eré tí Ó Fi Sílẹ̀: J. F. Ọdúnjọ Lójú Òṣìṣẹ́ Ọ̀tà

Bóyá la rí akéwì Yorùbá tí a há iṣẹ́ rẹ̀ sórí tó ti Joseph Foláhàn Ọdúnjọ, tí a kì í sì í kà á tó bẹ́ẹ̀. Láti Ìyànà-Ìyẹsí títí dé Agbára, àgbàlagbà tó bá ti jókòó ní kíláàsì alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láyé àtijọ́ lè ka "Iṣẹ́ ni Oògùn Ìṣẹ́" láìwo ìwé. Ẹ ní kí ó dárúkọ ìwé mìíràn tí ọkùnrin náà kọ lẹ́yìn ìwé kíkà ọmọdé rẹ̀, Aláwìíyé, ẹnu rẹ̀ á wọhò. Ilé-ẹ̀kọ́ ló dá èyí sílẹ̀. Ó mú ewì kan nínú iṣẹ́ ọkùnrin yìí, ó sọ ọ́ di ẹ̀kọ́ ìwà fún ọmọdé, ó sì fi ìyókù sílẹ̀ fún àwọn tó ń ṣe ìwádìí ní yunifásítì. Ìyókù yẹn gan-an ni òṣìṣẹ́ Ṣàngó-Ọ̀tà nílò jù.

Ìtàn ayé rẹ̀ kò gùn láti sọ. Ìbarà ní Abẹ́òkúta ni wọ́n ti bí i ní 1904. Tíṣà ìjọ Àgùdà ni, ó dé Institute of Education ti Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù, ó wọ òṣèlú, wọ́n dìbò yàn án sí Ilé Aṣòfin Ìwọ̀ Oòrùn ní 1951, ó sì di mínísítà ilẹ̀ àti ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ nínú ìjọba Awólọ́wọ̀. Ó jáde láyé ní 1980. Àwọn tó ń jà fún èdè nígbà náà a máa kọ̀wé sí ìjọba, wọn a máa pe ìpàdé, Ọdúnjọ náà sì wà nínú Ẹgbẹ́ Ìjìnlẹ̀ Yorùbá. Àmọ́ ojú ewé ìwé ọmọdé ni ìjà tirẹ̀ ti mú jù. Nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní 1955, tí ọmọ àgbẹ̀ àti ọmọ alápatà jọ rọ́ wọ kíláàsì, Aláwìíyé ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi mọ̀wé kà. Ohun tí àpérò ọgọ́rùn-ún kò lè ṣe fún èdè ni ìwé kékeré yẹn ṣe: ó jẹ́ kí ọmọ gbà, kí ó tó mọ Gẹ̀ẹ́sì rárá, pé inú ìwé ni Yorùbá ń gbé.

Ẹ jẹ́ kí a wo ewì náà bí ewì. Gbogbo olùkọ́ ló ti fi àkọlé rẹ̀ kọ́ni ní àmì ohùn, n kò ní dúró níbẹ̀. Ìlà rẹ̀ kúrú, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì dá dúró lórí èrò tirẹ̀, débi pé ọmọ ọdún mẹ́jọ lè mí kí ó tó bọ́ sí èyí tó kàn. Akéwì kò pe ẹni tó ń bá wí ní ọmọ, ọ̀rẹ́ ló pè é. Tíṣà ayé ìgbà náà, tí pàṣán kì í jìnnà sí lọ́wọ́, tó pe akẹ́kọ̀ọ́ ní ọ̀rẹ́, ọgbọ́n ló fi ṣe é, nítorí ìmọ̀ràn tó tẹ̀ lé e kò dùn létí. Ohun ìní ìyá àti ohun ìní bàbá ni ó kọ́kọ́ gbé kalẹ̀, kí ó tó sọ fún ọ̀rẹ́ yìí pé bí ó bá gbójú lé wọn, ó tẹ́ tán. Lẹ́yìn èyí ló sọ ẹ̀yà ara ẹni di ìbátan, ọ̀rọ̀ àwọn àgbà tó ti wà kí wọ́n tó bí i. Níbẹ̀ ni mo ti rí ohun tí àwọn tíṣà wa kì í tọ́ka sí: ewì tó ní kí ọmọ má fẹ̀yìn ti ogún, ogún ni òun fúnra rẹ̀ fẹ̀yìn tì. Ká yọ òwe àti àṣàyàn ọ̀rọ̀ àwọn baba ńlá kúrò níbẹ̀, ìmọ̀ràn lásán ni yóò kù, ta ni yóò sì há ìmọ̀ràn lásán sórí fún àádọ́ta ọdún?

Bí ewì náà ti ń lọ, iṣẹ́ tó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ń yí padà, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn. Iṣẹ́ ọwọ́ ló fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí yóò fi súnmọ́ ìparí, ẹ̀kọ́ ló kàn, a sì ti ṣe ìlérí fún ọmọ pé ẹ̀kọ́ á sọ ọ́ di ọ̀gá. Ní Ọ̀tà lónìí, apá kìíní ewì náà wà ní ilé-iṣẹ́ lójú ọ̀nà Ìdí-Ìrókò, apá kejì sì wà ní Covenant àti Bells, yunifásítì méjì tó wà nílùú kan náà. Àwọn tó wà ní ẹ̀gbẹ́ kìíní pọ̀ jù àwọn tó wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì lọ fíìfíì.

Àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí náà ló ń fi ewì yìí ṣe yẹ̀yẹ́. Kásúwà ni púpọ̀ nínú wọn. Kọ́ńtírákítọ̀ ló mú wọn wá, òun ló ń sanwó fún wọn, wọ́n sì lè ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan fún ọdún mélòó kan kí orúkọ wọn má sí nínú ìwé rẹ̀. Wọ́n ní bí iṣẹ́ bá jẹ́ oògùn, àwọn ti lò ó kọjá ìwọ̀n. Àwàdà ni, ṣùgbọ́n lámèyítọ́ tó múná wà nínú rẹ̀. Bí a bá ka ewì náà dáadáa, ìyá wà níbẹ̀, bàbá wà níbẹ̀, ọ̀rẹ́ wà, àwọn tó ń fi ẹ̀kọ́ ṣẹ̀rín pẹ̀lú wà. Agbanisíṣẹ́ kò sí. Ọ̀gá kan ṣoṣo tí ewì náà mọ̀ ni èyí tí ọmọ fúnra rẹ̀ yóò dà. Ayé àgbẹ̀ àti oníṣòwò ni, níbi tí ẹni tó gbin iṣu ti ni iṣu. Kò sí àyè fún ẹni tí ń ṣe ọṣẹ tàbí bísíkíìtì ní gbogbo òru, tí kò ní ọṣẹ, tí kò ní bísíkíìtì.

Ó rọrùn láti dúró síbí kí a ní Ọdúnjọ kò mọ̀. Ẹni tó ti ṣe mínísítà ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ kò lè ṣàì mọ̀. Ní 1958 ló gbé eré rẹ̀ Agbàlọ́wọ́mẹ́ẹ̀rí Baálẹ̀ Jòǹtolo jáde, lórí olóyè tí ń fi ipò rẹ̀ jẹ àwọn tí kò ní. Ẹni tí a kò rí nínú ewì nìyí: ẹni tó wà láàárín iṣẹ́ àti èrè iṣẹ́. Ìtàn àròsọ rẹ̀ méjèèjì tó jáde ní 1964, Kúyẹ̀ àti Ọmọ Òkú Ọ̀run, tún dá lé ọmọ tí kò ní alátìlẹ́yìn. Odi ni Kúyẹ̀. Ọkùnrin tó lo ayé rẹ̀ láti fi èdè sí ọmọdé lẹ́nu, tó wá yan ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ ṣe olú ẹ̀dá ìtàn, mo gbà pé ó mọ̀ dájú pé ìyà lè dé bá ẹni tí kò ṣe ọ̀lẹ. Bí a bá ka àwọn ìwé wọ̀nyí pọ̀, ewì náà kò ní dàbí ìwàásù mọ́. Ẹ̀gbẹ́ kan lásán ni nínú àríyànjiyàn tí òǹkọ̀wé ń bá ara rẹ̀ ṣe.

Tí mo bá sì ní láti sọ èyí tó bá ìlú Ọ̀tà mu jù, eré ni màá mú. Ìlú Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni Ọ̀tà, eré tí àjọ UNESCO kéde ní 2001 pé ó jẹ́ ohun àjogúnbá fún gbogbo ayé. Ní òru ẹ̀fẹ̀ Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ìlú fún akọrin láyè láti fi orin bú ẹni ńlá tó jẹ àjẹjù, kò sì sí ẹni tí yóò mú un. Agbàlọ́wọ́mẹ́ẹ̀rí á bá irú òru bẹ́ẹ̀ mu rẹ́gí.

Kò di dandan kí ìwé ilé-ẹ̀kọ́ bo ìyókù iṣẹ́ òǹkọ̀wé mọ́lẹ̀. Ẹnìkan wà ní Filipínì tí ayé rẹ̀ jọ ti Ọdúnjọ: Lope K. Santos, tí wọ́n bí ní 1879 tó sì kú ní 1963. Akéwì ni, olóṣèlú ni, ó ṣe gómìnà, ó ṣe sẹ́nétọ̀. Gírámà tó kọ, tó jáde ní 1940, ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ èdè orílẹ̀-èdè náà, tí wọ́n gbé ka orí Tagalog, ní ilé-ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n láti 1906 ló ti kọ Banaag at Sikat, ìtàn àròsọ lórí òṣìṣẹ́ àti olówó, òun fúnra rẹ̀ sì wà nínú ìjàkadì ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Wọ́n ń dárúkọ gírámà Santos, wọ́n sì ń dárúkọ ìtàn òṣìṣẹ́ tó kọ. Àwa dárúkọ Aláwìíyé, a gbàgbé Baálẹ̀ Jòǹtolo.

Ọ̀rọ̀ èdè kù. Yorùbá gbogbogbòò tí ìwé ń lò ni Ọdúnjọ fi kọ̀wé. Ṣóbò Aróbíodu tó ṣáájú rẹ̀ ní Abẹ́òkúta fi ẹ̀ka-èdè Ẹ̀gbá kọ àrófọ̀ tirẹ̀, ó dùn, kò sì rìn jìnnà. Yíyàn Ọdúnjọ ló jẹ́ kí ọmọ Àwórì Ọ̀tà, ọmọ Ègùn tó ń gbé ní Adó-Odò àti ọmọ Èkìtì tí òbí rẹ̀ wáṣẹ́ wá sí Ṣàngó jọ ka ewì kan ṣoṣo. Ó ní ohun tó ná wa: ohùn Àwórì kò sí nínú ìwé kíkà kankan tí mo mọ̀. Síbẹ̀, mo rò pé ó yàn dáadáa.

Ìlànà ẹ̀kọ́ 1977 ní èdè abínibí ni kí a fi kọ́ ọmọ ní ìbẹ̀rẹ̀ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní 2022 ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí ó dé kíláàsì kẹfà, nígbà tó sì di 2025 mínísítà ètò ẹ̀kọ́ kéde pé wọ́n ti fagi lé e, Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa fi kọ́ni. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni tó wà láàárín àwọn ilé-iṣẹ́ Ọ̀tà kò tilẹ̀ dúró de ìkéde yẹn. Fẹnákúlà ni wọ́n ń pe Yorùbá níbẹ̀, ọmọ tó bá sọ ọ́ á san owó ìtanràn. Ọjọ́ ayẹyẹ ìparí ọdún ni wọ́n máa ń rántí Ọdúnjọ, tí wọn á wọ aṣọ òkè fún ọmọ mẹ́rin, tí wọn á ní kí wọ́n wá ka ewì náà fún àwọn òbí. Lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́ sílẹ̀ fún wọn láti há a sórí, láìsí àmì ohùn.