Ẹ̀rọ Inú Etí àti Ohùn Ọ̀rọ̀ Wa

Kò sí ẹni tó lè dá iṣẹ́ wa ṣe, ohun tí mo sì fẹ́ràn jù nínú rẹ̀ nìyẹn. Èmi ni mo ń ṣètò cochlear implant, ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi sínú etí ẹni tí ẹ̀rọ ìgbọ́ràn lásán kò ràn lọ́wọ́ mọ́. Oníṣẹ́ abẹ ló ń gbé e wọlé, ẹlẹ́rọ ló ṣe é, onímọ̀ físíìsì ló mọ bí iná ṣe ń rìn nínú omi etí. Bí ọ̀kan nínú wa bá rò pé òun nìkan ló gbọ́n, aláìsàn ni yóò jẹ ìyà rẹ̀.

Máíkì kékeré kan wà lẹ́yìn etí tó ń gba ohùn. Kọ̀ǹpútà ara rẹ̀ á ṣẹ́ ohùn náà sí wẹ́wẹ́, á sì fi ránṣẹ́ gba awọ orí kọjá láìsí waya. Lábẹ́ awọ, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan, tó sábà máa ń ní ojú iná 22, ti wọ inú egungun tó ká bí ìkarahun ìgbín. Ojú iná tó wà lẹ́nu ọ̀nà ń ta iṣan tó mọ ohùn tó ròkè, èyí tó jìn sínú ń ta iṣan tó mọ ohùn tó wálẹ̀.

Báwo wá ni okùn ṣe máa wọ ibi tó ká báyẹn? Graeme Clark, dókítà etí ní Melbourne, tí bàbá tirẹ̀ náà kò gbọ́ràn dáadáa, wà ní etíkun lọ́dún 1977, ó ń ti koríko bọ inú ìkarahun òkun. Èyí tó rọ̀ lórí, tó sì ń le bọ̀ wá sí ìdí, ló wọlé geere. Ní 1978 ó fi ẹ̀rọ tirẹ̀ sínú etí aláìsàn àkọ́kọ́. Mo fẹ́ràn ìtàn yìí ju gbogbo ìwé ìṣirò lọ, bẹ́ẹ̀ ìṣirò ni mo fi ń jẹun.

Ṣùgbọ́n omi inú etí níyọ̀, iná sì máa ń tàn káàkiri nínú rẹ̀. Bí ojú méjì bá ta iná pọ̀, wọ́n á dàrú mọ́ra wọn lọ́wọ́. Blake Wilson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ló fi hàn ní 1991 pé kí wọ́n máa ta á lọ́kọ̀ọ̀kan, wéré wéré, kí èyí dákẹ́ kí òmíràn tó ta. Nígbà tí wọ́n fún àwọn tó ṣe ẹ̀rọ yìí ní ẹ̀bùn Lasker ní 2013, Clark, Wilson àti Ingeborg Hochmair, obìnrin ẹlẹ́rọ ará Austria, ni wọ́n jọ gbà á. Dókítà kan, ẹlẹ́rọ méjì. Ó dùn mọ́ mi nínú.

Ọgbọ́n títa iná lọ́kọ̀ọ̀kan yẹn ń gbé líle ohùn dé ọ̀dọ̀ iṣan dáadáa. Bí ohùn ṣe ròkè tó tàbí wálẹ̀ tó kì í fi bẹ́ẹ̀ yọ. Elédè Gẹ̀ẹ́sì lè fara mọ́ ọn. Àwọn ará Ṣáínà ti rí i lára àwọn ọmọ wọn tó ń lo ẹ̀rọ yìí pé ohùn ọ̀rọ̀ máa ń ṣòroó dá mọ̀. Àwa tí a ní ìlú, tí a tún ní ìlù ńkọ́?

Bàbá kan ní London, lẹ́yìn tí a tan ẹ̀rọ tirẹ̀, sọ fún mi pé: “Ọmọ mi, Òyìnbó yẹn ń sọ̀rọ̀, mo ń gbọ́. Ìyá yín ń sọ Yorùbá, ẹnu wọn ni mo kàn ń wò.”

Ìyá ní: “Tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Ṣé ẹ ń gbọ́ tèmi tẹ́lẹ̀ ni?”

Mo ní, “Ẹ má bínú, bàbá, ẹ jẹ́ ká tún un wò.” Mo mú ojú iná lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń fi iná kún un díẹ̀díẹ̀ títí bàbá fi nawọ́ pé àwọn gbọ́, mo tún fi kún un títí ó fi le débi tó ṣì tù wọ́n lára. Ohùn wá já gaara sí i. Ti ìlú àti ìlù kò kúrò níbi tó wà, nítorí kì í ṣe ibi tí mo ń tún ṣe ni wàhálà yẹn wà.

Àwọn ọ̀dọ́ máa ń bi mí pé kí ni kí àwọn lọ kà. Ìṣirò, físíìsì, ẹ̀kọ́ nípa ara, gbogbo rẹ̀ ló wúlò, àwọn tó kà á sì pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ẹni tó kàwé lórí ohùn Yorùbá, tí kò sì sá fún kọ̀ǹpútà, ni mi ò tíì rí gbà síṣẹ́.