Albert Namatjira àti Àwọn Tí Ó Dá A Lẹ́jọ́

Nígbà tí Albert Namatjira kọ́kọ́ dá pàtẹ àwòrán tirẹ̀ ní ìlú Melbourne ní ọdún 1938, àwòrán 41 ni ó gbé wá, gbogbo wọn ni a sì rà tán láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn ará ìlú fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀ láti ọjọ́ náà títí ó fi kú. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn ni láti máa yẹ iṣẹ́ ọnà wò kò gbà fún un. Ohun tí wọ́n ń wí ni pé àfarawé òyìnbó lásán ni ó ń ṣe, àti pé ọmọ onílẹ̀ Ọsirélíà tí ó bá fẹ́ yàwòrán, ọnà àwọn baba rẹ̀ ni ó yẹ kí ó máa ṣe. Ẹ̀sùn yìí ni mo fẹ́ kí àwa olùkọ́ yẹ̀ wò, nítorí pé irú rẹ̀ kì í ṣàì bọ́ sí wa lẹ́nu nínú kíláàsì.

A bí Namatjira ní ọjọ́ 28 oṣù Keje ọdún 1902 ní Hermannsburg, ibùdó tí àwọn míṣọ́nnárì ìjọ Luther láti Jámánì tẹ̀dó sí àárín gbùngbùn Ọsirélíà, ní ilẹ̀ àwọn ará Arrernte. Elea ni orúkọ rẹ̀ kí wọ́n tó ṣe ìrìbọmi fún un. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn míṣọ́nnárì ni ó ti kàwé, ṣùgbọ́n nígbà tí ó di ọmọ ọdún mẹ́tàlá, àwọn àgbà mú un lọ sínú ìjù fún oṣù mẹ́fà, wọ́n sì fi ohun tí ó jẹ́ awo ìran rẹ̀ hàn án. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi oṣù mẹ́fà yìí sọ́kàn. Àwọn tí ó dá a lẹ́jọ́ kò kà á kún. Lẹ́yìn náà ó ṣe alágbẹ̀dẹ, ó ṣe káfíńtà, ó sì ń da ràkúnmí. Ní ọdún 1934 ni Rex Battarbee àti ẹnìkejì rẹ̀, òyìnbó ayàwòrán méjì, pàtẹ iṣẹ́ wọn fún àwọn ará ibùdó náà. Namatjira rí i, ọkàn rẹ̀ sì fà sí i. Nígbà tí Battarbee padà wá ní ọdún 1936, wọ́n ṣe àdéhùn: Namatjira yóò fi ràkúnmí mú un kiri fún oṣù méjì, òun náà yóò sì kọ́ ọ bí a ti ń fi ọ̀dà tí a fi omi pò yàwòrán.

Ọ̀dà olómi yìí kò dàbí ọ̀dà olóròóró. Ẹni tí ó ń lo ọ̀dà olóròóró lè ha á kúrò, ó sì lè kun òmíràn lé e lórí; ti olómi kò gba irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀. Funfun tí a ń rí nínú rẹ̀ kì í ṣe ọ̀dà rárá. Pépà ni, tí ayàwòrán kò fi ọ̀dà kàn, nítorí náà ó ní láti mọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ yóò wà kí ó tó ki búrọ́ọ̀ṣì bọ omi. Nínú aṣálẹ̀ ẹ̀wẹ̀, ooru àti afẹ́fẹ́ gbígbẹ a máa fa omi náà gbẹ wéré. Mo gbà pé òyìnbó ni ó kọ́ Namatjira ní ọgbọ́n ọwọ́ yìí. Ojú tí ó fi ń wo ilẹ̀ ńkọ́?

Ẹ wo igi yukalípítọ́ọ̀sì funfun tí ó máa ń yà. Ọ̀pọ̀ ayàwòrán a máa fi igi sí ẹ̀gbẹ́ àwòrán kí ó lè ṣe férémù fún ohun tí ó wà láàárín. Nínú iṣẹ́ Namatjira, igi náà a dúró níwájú bí ènìyàn tí ó ní orúkọ: ara rẹ̀ funfun bí ẹfun, àpá rẹ̀ hàn, ẹ̀ka rẹ̀ tí ó ṣẹ́ sì wà níbẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni òkè wà, tí ó pupa, tí ó sì ní elésèé àlùkò àti aró nínú. Ẹni tí kò dé ibẹ̀ rí lè pe àwọ̀ wọ̀nyí ní àsọdùn, ṣùgbọ́n ìpẹtà irin tí ó wà nínú òkúta àti iyanrìn ibẹ̀ ni ó sọ ọ́ di pupa, òkè a sì máa yí àwọ̀ padà bí oòrùn ti ń wọ̀. Ohun tí ó wú mi lórí jù ni pé òkè ọ̀nà jíjìn kì í di bàìbàì nínú àwòrán rẹ̀ bí a ti ń kọ́ àwọn ọmọ pé kí ó dì. Níbi tí afẹ́fẹ́ gbẹ bẹ́ẹ̀, ojú ń rí ọ̀nà jíjìn kedere. Namatjira sì ya ibi tí òkè náà ti là àti ibi tí ó ti ṣe kọ́rọ́ bí ẹni pé ó lè nawọ́ kàn án. Kò sí ibi kan tí ó fi ṣe ẹ̀yìn lásán.

Òkè tí òyìnbó ń pè ní Mount Sonder, Rwetyepme ni àwọn Arrernte ń pè é, ó sì yà á léraléra. Ilẹ̀ ìdílé baba rẹ̀ ni ìhà ibẹ̀. Palm Valley, àfonífojì tí ọ̀pẹ ń hù láàárín aṣálẹ̀, ilẹ̀ ìdílé ìyá rẹ̀ ni. Ní ìgbàgbọ́ àwọn Arrernte, àwọn baba ńlá ìṣẹ̀dálẹ̀ ni ó rin ilẹ̀ náà já, tí òkè, odò àti àpáta fi di bí wọ́n ti wà. Ẹni tí ilẹ̀ bá jẹ́ tirẹ̀ ni ìtàn rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí kò yẹ kí ó ṣòro fún ẹni tí ó mọ oríkì orílẹ̀ rẹ̀ láti lóye. Àwọn tí ó ní kí Namatjira padà sí ọnà àwọn baba rẹ̀ kò mọ̀ pé ilẹ̀ àwọn baba náà gan-an ni ó ń kì fún wọn.

Irú ẹjọ́ yìí ti wáyé ní Nàìjíríà pẹ̀lú. Aina Onabolu fi ọgbọ́n òyìnbó ya àwòrán àwọn ènìyàn Èkó, ó sì ń fi kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Kenneth Murray, tí ó dé ní ọdún 1927, fẹ́ kí àwọn ọmọ dìrọ̀ mọ́ ọnà ilẹ̀ wọn. N kò dá Murray lẹ́bi pátápátá, nítorí ọ̀pọ̀ ère wa ni ìbá ti ṣègbé bí kò bá sí i. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tí ó bá ti pinnu ohun tí ó jẹ́ ti ọmọ kí ó tó wo ohun tí ọmọ náà ṣe, kí ni ó kù tí yóò wò?

Kì í ṣe pé gbogbo iṣẹ́ Namatjira ni ó dọ́gba. Nígbà tí òkìkí rẹ̀ kàn, tí àwọn olùrà ń bèèrè igi funfun kan àti òkè aláró kan, ó yà wọ́n fún wọn, òmíràn sì jọ òmíràn ju bí ó ti yẹ lọ. Àwọn ìbátan tí owó rẹ̀ ń bọ́ kò kéré.

Ìjọba náà dá a lẹ́jọ́ tiwọn. Ó tọrọ ilẹ̀ ìdaranko, wọn kò fún un. Ní ọdún 1951 ó fẹ́ kọ́lé sí Alice Springs, wọn kò gbà. Ní ọdún 1954 wọ́n mú un lọ sí iwájú Ọbabìnrin Elizabeth Kejì. Ní ọdún 1957 wọ́n yọ òun àti Rubina aya rẹ̀ kúrò lábẹ́ òfin tí ó fi àwọn ọmọ onílẹ̀ sábẹ́ alágbàtọ́, ó sì wá lè dìbò, ó lè ra ọtí. Àwọn ọmọ rẹ̀ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Àṣà tirẹ̀ sì ní kí ó bá ará rẹ̀ pín ohun tí ó bá ní. Ní ọdún 1958 wọ́n fi ẹ̀sùn kàn án pé ó fún ayàwòrán ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan ní ọtí. Ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ni wọ́n kọ́kọ́ dá fún un, wọ́n dín in kù sí mẹ́ta, ó sì lo méjì ní Papunya. Ó kú ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹjọ ọdún 1959, ní ẹni ọdún 57.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀, ní ọdún 1983, òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń ṣe àbójútó ogún rẹ̀ ta ẹ̀tọ́ ṣíṣe ẹ̀dà àwọn àwòrán náà fún ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé kan ní 8,500 dọ́là Ọsirélíà. Ọdún 2017 ni ẹ̀tọ́ náà tó padà sọ́wọ́ àjọ tí a dá sílẹ̀ fún ẹbí rẹ̀.

Olùkọ́ tí ó bá rí ẹ̀dà kan lò, kí ó gbé e ka iwájú àwọn ọmọ láìkọ́kọ́ sọ ẹni tí ó yà á àti ìlú tí ó ti wá. Kí ó bi wọ́n léèrè ibi tí oòrùn wà, àti ibi tí ọ̀dà kò kàn lára pépà náà.