Ìyìn fún Àwọn Atún-UPS-ṣe

Àwọn ọ̀jáfáfá tí ń tún UPS (ẹ̀rọ tí ń fi bátìrì gbé iná ró bí iná bá lọ) ṣe láti Ọmọ́lé títí dé Computer Village ní Ìkẹjà, tí iná àlọ-àbọ̀ kò jẹ́ kí wọ́n sinmi, tó lẹ́ni à ń kí. Yinniyinni, kẹ́ni ó ṣèmíràn. Wọ́n mọ̀ pé irú UPS tí ń dúró títí iná yóò fi lọ kó tó gbaṣẹ́ tó fún kọ̀ǹpútà ilé. Pé èyí tí ń gbé iná tó relẹ̀ sókè láìfọwọ́ kan bátìrì ló bá àdúgbò wa mu jù. Àti pé èyí tí ń yí AC sí DC, tí ń tún un yí padà láìdáwọ́dúró, ló yẹ ẹ̀rọ ilé ìwòsàn. Bí wọ́n bá ṣí UPS kan, tí bátìrì 12V inú rẹ̀ sì ti wúkùn, wọn kì í fi sábẹ́ ahọ́n sọ: ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lónìí.