Orúkọ Ilẹ̀ Yàtọ̀ sí Ìwà Ilẹ̀

Àwọn kan nínú yín ṣì ń bi mí bóyá ìwé Smyth àti Montgomery, Soils and Land Use in Central Western Nigeria, tó jáde n'Íbàdàn lọ́dún 1962, ṣì wúlò. Ó wúlò dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká mọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ.

Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ohun tí àwọn méjèèjì ṣe nìyẹn. Wọ́n wo àpáta tó bí ilẹ̀, wọ́n wá fi orúkọ ìlú pè é: Ìwó, Oǹdó, Ẹ̀gbẹ́dá. Ilẹ̀ Ìwó wá láti ara àpáta oníhóró ńláńlá, ìdí nìyẹn tí yanrìn fi pọ̀ nínú rẹ̀. Àpáta ti Ẹ̀gbẹ́dá kúnná jù ú lọ, amọ̀ rẹ̀ pọ̀, ó sì ń di omi mú fún kòkó. Wọ́n tún fi hàn bí ilẹ̀ ṣe ń yàtọ̀ láti orí òkè títí dé àkùrọ̀. Iṣẹ́ àgbà nìyẹn, torí irú nǹkan báwọ̀nyí kì í tètè yí padà.

Àléébù ibẹ̀ ni pé orúkọ yẹn kò lè sọ ohun tó wà lápò ilẹ̀ lónìí. Òjò àti ooru ti fọ ilẹ̀ wa láti ọjọ́ pípẹ́. Nínú amọ̀ tó kù, kaolinite ló pọ̀ jù, kò sì lè di oúnjẹ irúgbìn mú púpọ̀. Ilẹ̀dú òkè, tí ìràwé jíjẹrà ń ṣe, òun gan-an ni àpò oúnjẹ. Ẹ ṣán igbó, ẹ sun ún, ẹ gbin àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ léraléra láìjẹ́ kílẹ̀ sinmi, ilẹ̀dú yẹn á máa dín kù ni. Orúkọ á ṣì máa jẹ́ Ẹ̀gbẹ́dá o, ṣùgbọ́n ìwà ti yí padà.

Nítorí náà, ẹni tó bá kàn wo àwòrán ilẹ̀ ọdún 1962, tó wá ń sọ iye ajílẹ̀ òyìnbó tí àgbẹ̀ máa rà, ó lè ti àgbẹ̀ sí gbèsè. Ẹ fi ìwé náà mọ irú ilẹ̀ tẹ́ ẹ dúró lé. Ní ti oúnjẹ inú rẹ̀, ẹ bu èèpẹ̀ láàárín sẹ̀ǹtímítà 15 òkè, níbi púpọ̀ nínú oko kan náà, ẹ pò ó pọ̀, kẹ́ ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò. Lẹ́yìn ìyẹn lẹ tó lè ra ajílẹ̀.